Bí aṣọ gíláàsì kò bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ onípákó: ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ẹ tún un ṣe



Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi la fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ kékeré onípákó ni, èyí tí ènìyàn kan lè dá gbé sí èjìká. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò Ouémé àti létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń jo kò ṣeé fi ẹ̀mí tẹ̀ lé. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ tí ẹ jìnnà sí ọ̀sà, ẹ gbọ́ ọ náà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Kí ni káyáàkì?

Káyáàkì jẹ́ ọkọ̀ àwọn Inuit, àwọn ènìyàn tí ń gbé ní ilẹ̀ òtútù Greenland àti àríwá Kánádà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í ṣọdẹ ẹran inú òkun. Wọ́n á fi igi ṣe egungun ọkọ̀ náà, wọ́n á sì fi awọ ẹran bò ó. Òkè rẹ̀ bò, àfi ihò kan ṣoṣo tí awakọ̀ ń jókòó sí. Àjẹ̀ rẹ̀ ní ojú méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ń fi ọwọ́ ara wọn kan káyáàkì onípákó. Wọn kì í ṣe káfíńtà. Wọ́n máa ń ra àpótí kan tí gbogbo pákó ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀, tí a ti gé e tán, pẹ̀lú ìwé tó ń fi ọ̀nà hàn. Wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí pákó, wọ́n á fi wáyà bàbà rán wọn pọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ, wọ́n á sì fi rẹ́sìnì dí ojú ìrán náà. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1963, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jack Holt àti Barry Bucknell gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde báyìí, tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Mirror ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà, èyí tí àwọn ènìyàn ti kàn ti lé ní 70,000.

Pákó tí wọ́n fi ń kan ọ̀pọ̀ káyáàkì wọ̀nyí, ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ló ti wá. Igi okoumé ni, igi ilẹ̀ Gabon. Wọ́n á là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìpele ìpele, títí yóò fi nípọn tó mílímítà 4. Nítorí náà, káyáàkì tó gùn tó mítà 5 lè wọn nǹkan bíi kílò 20 péré. Kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì.

Ṣùgbọ́n pákó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá kojú omi àti òkúta. Ó ń fẹ́ aṣọ.

Kí ni aṣọ gíláàsì? Kí ni rẹ́sìnì?

Ẹ mọ gíláàsì. Òun ni a fi ń ṣe ìgò. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń yọ́ ọ, wọ́n á fà á di òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n á sì hun òwú náà. Aṣọ funfun ló ń dà.

Rẹ́sìnì dàbí oyin. Èyí tí wọ́n ń lò fún káyáàkì ni epoxy. Inú ike méjì ló ń wà. Ike kìíní ni rẹ́sìnì fúnra rẹ̀. Ike kejì ni omi tí ń mú un le. Bí a bá po méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì le gbagidi.

A ó tẹ́ aṣọ gíláàsì sórí pákó. A ó da rẹ́sìnì sí i. A ó fi ike pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ yóò fi mu rẹ́sìnì yó. Bí aṣọ bá yó, funfun rẹ̀ á lọ, a ó sì rí pákó lábẹ́ rẹ̀ kedere. Bí ó bá le tán, pákó, aṣọ àti rẹ́sìnì ti di ohun kan ṣoṣo.

Ẹ di gbólóhùn yìí mú: agbára ọkọ̀ náà ni pé àwọn mẹ́ta yìí lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ibi tí wọn kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ewu wà níbẹ̀. Ọkọ̀ á kan òkúta, ibẹ̀ á là. Omi á wọlé díẹ̀díẹ̀. Aṣọ gíláàsì tó bò ó kò ní jẹ́ kí omi náà jáde, oòrùn kò sì lè gbẹ ẹ́. Pákó á máa jẹrà nínú òkùnkùn, ojú ọkọ̀ á ṣì máa dán. Ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi lu pákó jáde láàárín omi. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé: ẹ má fi ọ̀dà bo àṣìṣe. Ẹ má sì da rẹ́sìnì mìíràn lé e lórí kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́.

Bí a ṣe ń wá àṣìṣe

Ẹ jẹ́ kí rẹ́sìnì le. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ wo ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ kan, ẹ fi máa kan ara ọkọ̀ náà níbi gbogbo. Ibi tó lẹ̀ dáadáa á dún ko, bí igi líle. Ibi tó ṣófo á dún bò, bí igbá òfìfo. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí ibẹ̀ po. Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe títí ẹ ó fi yẹ gbogbo ọkọ̀ wò tán.

Àṣìṣe kìíní: rẹ́sìnì kò le

Àmì rẹ̀: Ó ti di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, síbẹ̀ rẹ́sìnì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje igi.

Ohun tó fà á: Òṣùwọ̀n kò pé, tàbí a kò ro ó pọ̀ dáadáa. Epoxy kan ń fẹ́ ìwọ̀n 2 sí 1. Òmíràn ń fẹ́ 3 sí 1. Òmíràn ń fẹ́ 5 sí 1. Ara ike ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ rí i pé nọ́ńbà kékeré tí ènìyàn mọ̀ ọ́n kà lè gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ là. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá bu omi tí ń mú un le kún un, yóò tètè le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò ní rí ẹnìkejì tí yóò dì mọ́, ṣe ni yóò máa rọ̀. Rẹ́sìnì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní polyester. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni wọ́n ń kán sí ìyẹn kó tó le. Ẹ má fi òfin ọ̀kan ṣe èkejì.

Àtúnṣe rẹ̀: Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Bí kò bá le síbẹ̀, ẹ má tan ara yín jẹ. Bí ẹ bá da tuntun lé e lórí, tuntun á le lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ á wà bí ẹrẹ̀ lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Ẹ fa aṣọ ibẹ̀ kúrò. Ẹ ha rẹ́sìnì rírọ̀ dànù títí ẹ ó fi dé ibi líle. Ẹ fi acetone rin àkísà tó mọ́, ẹ fi nu ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ lẹ àbùlẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ló ń gba iṣẹ́ jù, kò sì ní ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Àṣìṣe kejì: aṣọ ṣì funfun

Àmì rẹ̀: Rẹ́sìnì ti le, ṣùgbọ́n ojú kan funfun bí eérú.

Ohun tó fà á: Aṣọ kò mu rẹ́sìnì yó. Ó lè jẹ́ pé pákó ti mu ún. Ó lè jẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ jù, a fi ike gbá a lọ. Ó sì lè jẹ́ pé rẹ́sìnì ti ń ki kí ó tó dé orí aṣọ. Nínú ooru ilẹ̀ wa, bí a bá po púpọ̀ sínú ife kan, á gbóná, á rú èéfín, á sì le sínú ife náà. Ẹ máa po díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ dà á sínú àwo fífẹ̀ kí ooru lè jáde.

Àtúnṣe rẹ̀: Bí kò bá tíì le, ẹ fi rẹ́sìnì kún un, ẹ dúró díẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti le, ẹ fi owó wẹ́wẹ́ kàn án. Bí ó bá dún ko, ìdí rẹ̀ lẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló gbẹ. Ẹ fi ìwé oníyanrìn ha á díẹ̀, ẹ fi rẹ́sìnì pa á. Bí ó bá dún bò, ẹ gé e kúrò, ẹ lẹ àbùlẹ̀.

Àṣìṣe kẹta: atẹ́gùn wà lábẹ́ aṣọ

Àmì rẹ̀: Aṣọ wú sókè bí awọ ara tí iná jó. Ó ń dún bò.

Ohun tó fà á: Atẹ́gùn wà nínú igi. Bí oòrùn àárọ̀ bá ń mú igi gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á fẹ̀, á sì wá ọ̀nà jáde. Á ti aṣọ sókè kí rẹ́sìnì tó le. Nítorí náà, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí lábẹ́ ibòji, nígbà tí ọjọ́ bá ń rọ̀, tí igi ń tutù bọ̀. Ẹ sì lè kọ́kọ́ fi rẹ́sìnì pa pákó lásán, kí ó le, kí ẹ tó tẹ́ aṣọ.

Àtúnṣe rẹ̀: Bí kò bá ju owó wẹ́wẹ́ kan lọ, ẹ lu ihò kékeré méjì sí i. Ẹ fi abẹ́rẹ́ oníke, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, ti rẹ́sìnì sínú ihò kan títí yóò fi yọ láti inú ihò kejì. Ihò kejì yìí ni ọ̀nà tí atẹ́gùn yóò gbà jáde. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, nítorí rẹ́sìnì kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sì gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ lé e. Bí ó bá tó àtẹ́lẹwọ́, abẹ́rẹ́ kò ní ká a. Ẹ gé e kúrò, ẹ lẹ àbùlẹ̀.

Àṣìṣe kẹrin: aṣọ ká kò

Àmì rẹ̀: Ìlà gígùn kan yọ lórí aṣọ, bí aṣọ tí a kò lọ̀.

Ohun tó fà á: A kò tẹ́ aṣọ náà dọ́gba, tàbí a fà á láti apá kan jù.

Àtúnṣe rẹ̀: Bí kò bá tíì le, ẹ gbé etí aṣọ sókè, ẹ tún un tẹ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Bí ó bá ti le, ẹ gé orí ìlà náà kúrò, ẹ ha á títí yóò fi tẹ́jú. Gígé yìí ti gé òwú aṣọ, agbára ibẹ̀ sì ti dín kù. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ lẹ àbùlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ẹ má rò pé ojú tó tẹ́jú ti tó.

Àṣìṣe karùn-ún: rẹ́sìnì ṣàn

Àmì rẹ̀: Rẹ́sìnì kán sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí omijé, tàbí ó gbára jọ sí ojú kan.

Àtúnṣe rẹ̀: Ẹ má fi ìwé oníyanrìn bẹ̀rẹ̀. Rẹ́sìnì le ju ohun tó yí i ká lọ, ìwé náà á sì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó kan òun fúnra rẹ̀. Ẹ mú irin pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ mú, ẹ fi fá a sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tẹ́jú tán, kí ìwé oníyanrìn wá parí rẹ̀. Níbi tí rẹ́sìnì gbára jọ sí, aṣọ lè ti léfòó kúrò lára pákó. Ẹ fi owó wẹ́wẹ́ kàn án wò.

Àṣìṣe kẹfà: èyí tí a fi pa á lẹ́ẹ̀kejì kò dì mọ́ èyí àkọ́kọ́

Àmì rẹ̀: Rẹ́sìnì tuntun ń ṣí kúrò, tàbí ó ń sá fún ara rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò.

Ohun tó fà á: Bí epoxy bá ń le, irú rẹ̀ mìíràn máa ń yọ ohun kan sójú bí ọ̀rá. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ó sì lè jẹ́ òróró ọwọ́ wa tàbí epo ló kán sí i.

Àtúnṣe rẹ̀: Ẹ fá èyí tí kò dì mọ́ kúrò. Ẹ fi omi tó mọ́ àti kànìnkànìn fọ ibẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bí ó bá jẹ́ epo, acetone ni kí ẹ fi nù ún. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fi ìwé oníyanrìn ha á. Bí ẹ bá ha á kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ṣe ni ẹ ń fi ọ̀rá náà ra gbogbo ara ọkọ̀.

Àṣìṣe keje: a ha á jù

Àmì rẹ̀: Níbi tí a ti ń dán an, òwú aṣọ yọ síta, tàbí pákó fúnra rẹ̀ yọ.

Àtúnṣe rẹ̀: Bí ó bá jẹ́ pé ojú òwú nìkan ló hàn, tí a kò gé e, ẹ nu eruku kúrò, ẹ fi rẹ́sìnì pa á. Bí pákó bá ti yọ, aṣọ ti já níbẹ̀. Ẹ lẹ àbùlẹ̀.

Bí a ṣe ń lẹ àbùlẹ̀

Àwọn àgbà ní: àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́, ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀.

1. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò títí ẹ ó fi dé ibi tó lẹ̀ dáadáa. Bí pákó abẹ́ rẹ̀ bá rin, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bí ó bá ti dúdú tó sì ti rọ̀, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò, ẹ fi rẹ́sìnì tí a po mọ́ ìyẹ̀fun pákó dí ihò náà.

2. Ẹ ha etí ibẹ̀ yíká. Kí ó rọra lọ sílẹ̀ bí etí odò, kí ó má dúró gbágbá bí ògiri.

3. Ẹ nu eruku kúrò.

4. Ẹ gé aṣọ gíláàsì tuntun. Kí ó ju ojú ọgbẹ́ náà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kí igun rẹ̀ rí róbótó, nítorí igun tó mú máa ń ṣí.

5. Ẹ fi rẹ́sìnì pa ojú ibẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, ẹ rin ín títí funfun rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde láti àárín lọ sí etí.

6. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣí láílọ́ọ̀nù. Ẹ fi omi fọ ibẹ̀, ẹ ha etí àbùlẹ̀ kí ó dọ́gba, ẹ sì tún fi rẹ́sìnì pa á.

7. Ẹ fi owó wẹ́wẹ́ kàn án. Bí ó bá dún ko, iṣẹ́ parí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti le tán, ẹ fi ọ̀dà bò ó, tàbí fáníìṣì tí a ṣe fún oòrùn. Oòrùn máa ń ba epoxy jẹ́ bí a bá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ẹ ṣọ́ ara yín

Rẹ́sìnì tí kò tíì le kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn. Ó lè mú ara yún, kí ara sì lé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa kọ̀ ọ́ títí ayé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá kan ara, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi acetone fọ ara, nítorí ó ń gbé rẹ́sìnì wọnú awọ. Acetone tún máa ń tètè gbiná. Ẹ má lò ó nítòsí ààrò tàbí sìgá. Bí ẹ bá ń ha aṣọ gíláàsì, ẹ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ onígi, tí a gbẹ́ láti inú ìtì igi kan, ẹ ṣe sùúrù. Igi tó ti mu omi fún ọdún púpọ̀ kò ní gba aṣọ gíláàsì. Bí igi náà bá ń wú tó sì ń sún, yóò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀. Omi tí ẹ bá sì bò mọ́ inú rẹ̀ á jẹ ẹ́ rà. Pákó gbígbẹ ni aṣọ gíláàsì ń bá rẹ́.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó ń kan ọkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì. Àṣìṣe tí a rí, tí a gé kúrò, tí a sì lẹ̀ padà, kì í ri ọkọ̀. Èyí tí a fi ọ̀dà bò ni ẹ máa bẹ̀rù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ di ohun kan ṣoṣo lára ọkọ̀ náà?
2. Bí a bá fi owó wẹ́wẹ́ kan ọkọ̀ tó sì dún bò, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?
3. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ da rẹ́sìnì tuntun lé èyí tí kò le?
4. Àkókò wo lójúmọ́ ló dára láti tẹ́ aṣọ gíláàsì? Kí ló fà á?
5. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn ní abúlé yín tí ènìyàn lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ni ó ń yọrí sí?